Ìlẹ̀kẹ̀ tí Ọba Fi Síni Lọ́rùn

Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ni ìgbéyàwó ti ń tẹ̀lé ìgbéyàwó ní agbègbè wa. Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀bá títì ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, tàbí tí ẹ bá gba Ìsẹ̀ kọjá lọ sí Emùré, ẹ kò ní ṣàìrí ìyàwó tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ọwọ́: ti orí, ti etí, ti ọrùn ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ ìyàwó pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Òun náà á fi tirẹ̀ kọ́rùn títí dé ìdodo, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọn a kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọn a dá a padà fún ẹni tí wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì san owó.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lórí èyí. Ó dára, ó sì ń buyì kún ayẹyẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí ni pé kí ìlẹ̀kẹ̀ pupa yìí tó di ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ẹnu ọba ni ó jẹ́. Ẹni tí ọba bá fi í sí lọ́rùn ti gba iṣẹ́, kì í ṣe pé ó gba ẹ̀ṣọ́ nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì títí di òní, irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí, tàbí nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó ilé tí ń nu eruku ara agolo náà kò sì mọ ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn àjò díẹ̀ kí a tó padà wá sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni a ó kọ́kọ́ yà sí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa tiwa yóò tètè yé wa bí a bá kọ́kọ́ rí tiwọn.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1430, ní ìlú Bruges tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, Philip, olórí ilẹ̀ Burgundy, ṣe ayẹyẹ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Isabella, ọmọbìnrin ọba Pọ́túgàl. Ní àkókò ìgbéyàwó yìí ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kan sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí awọ àgùntàn kékeré kan rọ̀ mọ́ ṣe àmì rẹ̀. Ẹni tí a bá gbà sínú ẹgbẹ́ náà yóò búra fún olórí rẹ̀, a ó sì fi ẹ̀gbà náà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò di tirẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kú, dandan ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ dá a padà fún ẹgbẹ́. Ìdè ni wúrà náà jẹ́, bí ó tilẹ̀ ń dán.

Ní òpin ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, Elizabeth Kìn-ín-ní, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún atukọ̀ rẹ̀, Francis Drake, ní ohun ọ̀ṣọ́ kan. Inú rẹ̀ ni a kun àwòrán ojú ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sí; ní ìta, a gbẹ́ orí ọkùnrin adúláwọ̀ kan àti ti obìnrin òyìnbó kan sára òkúta kan ṣoṣo. Nínú àwòrán Drake tí wọ́n kùn ní ọdún 1591, ìbàdí rẹ̀ ni ó so ó mọ́ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. (Kí a má ṣe gbàgbé pé Drake kan náà yìí bá John Hawkins wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1567 láti kó ẹrú. Orí adúláwọ̀ tí ó wà lára ẹ̀bùn náà kò jẹ́ kí n lè wo ẹwà rẹ̀ pẹ́.)

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní àṣà yìí. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá a nílẹ̀, ó sì yà wọ́n lẹ́nu.

Ní ọdún 1486, ará Pọ́túgàl kan tí ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé ìlú Ìbíní. Ọba Ìbíní rán ikọ̀ bá a padà lọ sí Pọ́túgàl, ẹni tí ó sì rán ni olórí ìlú Ughoton, èbúté tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń gúnlẹ̀. Ọba João Kejì gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí yóò padà, wọ́n fún un ní aṣọ olówó iyebíye, wọ́n tún fi ti aya rẹ̀ kún un, wọ́n sì di ẹrù ẹ̀bùn mìíràn fún ọba tí ó rán an. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ kò fo ti aya náà.

Ikọ̀ yìí àti João Afonso ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí òǹkọ̀wé Pọ́túgàl, João de Barros, tẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1552. Wọ́n ní ọba alágbára kan wà ní ọ̀nà jíjìn sí ìlà-oòrùn Ìbíní, Ogané ni orúkọ rẹ̀, ìrìn ogún oṣù sì ni ibẹ̀. Bí ọba kan bá wàjà ní Ìbíní, ẹni tí yóò gorí ìtẹ́ a rán àwọn ìránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bùn ńlá sí Ogané pé kí ó fi òun múlẹ̀. Ogané náà a sì fi ohun mẹ́ta ránṣẹ́ padà: ọ̀pá, àṣíborí, àti àgbélébùú tí a ó fi kọ́ ọrùn, gbogbo wọn sì jẹ́ idẹ dídán. Láìsí mẹ́ta yìí, àwọn ará ìlú kò ní gbà pé ọba wọn jẹ lọ́nà ẹ̀tọ́. Àwọn ìránṣẹ́ kì í rí ojú Ogané rárá. Aṣọ ṣẹ́dà ni a ta bò ó. Nígbà tí wọ́n bá ń dágbére ni yóò tó yọ ẹsẹ̀ kan jáde lábẹ́ aṣọ náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àti pé ó gba ọ̀rọ̀ wọn.

Ibi tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni èyí: ìránṣẹ́ pàápàá kì í lọ lọ́wọ́ òfo. A ó fún un ní àgbélébùú kékeré tirẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ kò sì sí ẹni tí ó lè mú un sìn mọ́, ó ti di òmìnira ní ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1540, ikọ̀ mìíràn láti Ìbíní dé Pọ́túgàl, àgbàlagbà kan tí ó tó ẹni àádọ́rin ọdún nínú wọn sì fi irú àgbélébùú bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n bi í ní ohun tí ó jẹ́. Ìtàn kan náà ni ó sọ fún wọn.

Ta ni Ogané? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ ni, nítorí pé láti Ifẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn, baba ìran àwọn ọba Ìbíní, ti wá. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìlà-oòrùn tí a dárúkọ nínú ìtàn náà kò bá Ifẹ̀ mu, nítorí ìwọ̀-oòrùn Ìbíní ni Ifẹ̀ wà. Iyàn náà kò tíì parí. Àmọ́ àwọn ère idẹ láti Ìbíní tí wọ́n fi irú àgbélébùú yìí sí àyà ṣì wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí di òní, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe àlọ́ ni àwọn ikọ̀ náà ń pa.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ Ifẹ̀, a kò gbọdọ̀ fo sẹ̀gi. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí a fi gíláàsì ṣe. Bí ẹ bá gbé òmíràn nínú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i tí àwọ̀ ewé yóò là kọjá nínú rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òyìnbó rò pé láti òkèèrè ni a ti ń ra gbogbo rẹ̀ wá. Ọmọ ilẹ̀ wa kan, Abídèmí Babalọlá, ni ó wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín ọdún 2010 sí 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Nítorí náà, kí aṣọ ìgbéyàwó Isabella tó gbó, àwọn baba wa ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn fúnra wọn.

Iyùn ní tirẹ̀, láti inú òkun ni ó ti wá, àwọn Pọtogí sì wà lára àwọn tí ń kó o wọ Ìbíní ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ìtàn Ìbíní fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òyìnbó. Wọ́n ní Ọba Ewuare, tí ó jẹ ní àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ó gba iyùn lọ́wọ́ Olókun. Ohun tí ó dájú ni pé ọba ni ó ni gbogbo iyùn. Òun ni ó ń fi í sí ìjòyè lọ́rùn, bí ìjòyè náà bá sì kú, ọ̀dọ̀ ọba ni iyùn náà ń padà sí.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára tó. Ní ọdún 1702, ará Họ́lándì kan tí ń jẹ́ David van Nyendael kọ lẹ́tà gígùn nípa ohun tí ó rí ní Ìbíní. Ó ní ìjòyè tí ọba bá fún ní okùn iyùn kò gbọdọ̀ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn nígbà kankan. Bí ó bá sọnù, ikú ni, kódà bí olè ni ó jí i. Ó sọ ti ìjòyè kan tí olè jí tirẹ̀ gbé. Wọ́n pa ìjòyè náà, wọ́n pa olè náà, wọ́n sì pa àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ tí wọn kò sọ. Ẹ̀mí márùn-ún, nítorí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí òyìnbó náà ní kò tó kọ́bọ̀ méjì ní ìṣirò tirẹ̀. Ìkà ni ìdájọ́ náà, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìṣirò òyìnbó náà ni kò tọ́. Iye tí wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà ni ó ń wò. Ohun tí ó wà lọ́rùn ìjòyè náà ni ọwọ́ tí ọba fi gbé iṣẹ́ ìlú lé e lọ́wọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni mo ń sọ, ẹ rántí Idia. Òun ni ìyá Ọba Esigie, tí ó gorí ìtẹ́ ní Ìbíní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nítorí ipa tí ó kó nígbà ogun ni ọmọ rẹ̀ ṣe dá oyè Iyoba sílẹ̀ fún un, a sì fi eyín erin gbẹ́ àwòrán ojú obìnrin kan, èyí tí a gbà pé tirẹ̀ ni, tí ọba ń so mọ́ ìbàdí ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹ wò ó dáadáa: orí àwọn Pọtogí onírùngbọ̀n ni a tò yí orí ìyá ọba ká bí adé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn àwòrán náà lọ ní ọdún 1897. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Niu Yọ́ọ̀kì. Èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni a lò gẹ́gẹ́ bí àmì ayẹyẹ FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò yọ̀ǹda kí a yá a wá fún ayẹyẹ náà.

Láti Ìbíní sí ọ̀dọ̀ wa kò jìnnà. Ìtàn tí ààfin Ìkẹ́rẹ́ ń sọ ni pé ọdẹ kan tí ó ti Ìbíní wá ni Ògògà àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkẹ́rẹ́ ní ìtàn ju ẹyọ kan lọ, ìdílé Olúkẹ́rẹ́ sì ní tiwọn tí wọ́n ń sọ. Ní ààfin Ògògà náà ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ńlá tí ó gbé ní Ìsẹ̀ tí ó sì sin Arínjalè, ti ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Òpó kan tí ó gbẹ́ níbẹ̀ wà ní ìlú Chicago lónìí. Ọba jókòó, adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ga jù lórí òpó náà kì í ṣe ọba. Olorì àgbà ni, tí ó dúró sẹ́yìn ìtẹ́ tí ó sì gbé ọwọ́ lé e. Òun ni ó ń gbé adé lé ọba lórí ní ọjọ́ ìwúyè. Ọba a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìjòyè lọ́rùn, obìnrin ni ó sì gbé adé ìlẹ̀kẹ̀ lé ọba fúnra rẹ̀ lórí. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyàwó tí ó bá yá ìlẹ̀kẹ̀ lò ní Ìkẹ́rẹ́ mọ èyí kí ó tó wọ̀ ọ́.

Nípa ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà, ìtàn rẹ̀ kò gùn. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọba kì í tà. Ọba a máa fúnni, a sì máa gbà.

Mo ti mú yín rìn jìnnà tó. Ẹ jẹ́ kí a wọlé wàyí.

Ní Ìsẹ̀, mo mọ obìnrin kan, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ilé bàbá ọkọ lẹ́yìn tí bàbá náà ti kú. Olóyè ni bàbá nígbà ayé rẹ̀. Bí ìyàwó ti ń tún yàrá ṣe, ó rí agolo kan tí ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan ni ó bá nínú rẹ̀, òwú rẹ̀ ti dúdú, ẹyọ rẹ̀ kò dọ́gba, òmíràn ti ṣán lẹ́nu. Ó fi wé èyí tí ń tàn yanran lọ́jà, ó rí i pé kò jọ ọ́ rárá. Ó já òwú náà. Ó fi díẹ̀ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe ọjọ́ àṣà, ó sì fún àwọn ọmọ àdúgbò ní ìyókù.

Kò pé ọdún kan tí ìdílé fi yan ẹlòmíràn sí oyè náà. Àbúrò bàbá tí ó kú, ìyá arúgbó kan tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Yèyé, wọlé lówùúrọ̀.

“Ìyàwó mi, ṣé dáadáa lo jí? Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ bàbá ni wọ́n ní kí n wá gbà.”

“Ìlẹ̀kẹ̀ wo nìyẹn, Yèyé?”

“Èyí tó wà nínú agolo. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ààfin.”

Ìyàwó kúnlẹ̀. “Yèyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo rò pé Bàbá ló ni ín, Bàbá sì ti lọ.”

“Bàbá kọ́ ló ni ín. Ẹni tó bí bàbá pàápàá kọ́ ló ni ín. Oyè ló ni ín.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni obìnrin yìí fi ń ti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń gba ìlẹ̀kẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí ó ń fi bísíkíìtì pààrọ̀ rẹ̀. Yèyé mọ iye rẹ̀ lórí: 49 ni. Wọ́n rí 43. Ọkọ ní kí àwọn lọ ra mẹ́fà lọ́jà kí wọ́n fi dí i. Yèyé kò gbà. Ó ní kí wọ́n sín in bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ààyè mẹ́fà sílẹ̀, kí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lè mọ̀ pé ó ku mẹ́fà.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn dá ìyàwó lẹ́bi. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́jọ ni ó ti wà nínú ìdílé náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fi orí odò àti oko hàn án, wọ́n ti sọ ohun tí ìdílé kì í jẹ fún un, kò sì sí ẹni tí ó ṣí agolo náà hàn án rí. A ń retí kí ìyàwó tọ́jú ohun tí a kò sọ fún un. Bí àgbà bá pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, ọ̀dọ́ ni yóò ṣì í ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin aya ọ̀dọ́, ẹ béèrè. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹnìkan yóò kú. Ọjọ́ tí ara bá tu ìyá ọkọ yín, tí ẹ jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí tàbí tí ẹ ń bó iṣu, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n bóyá ìlẹ̀kẹ̀ kan wà nínú ilé, ta ni ó ni í, ọwọ́ ta ni ó sì yẹ kí ó bọ́ sí. Ìlẹ̀kẹ̀ oyè kì í ṣe ti ọkọ yín, kì í sì í ṣe ti ọmọ yín, bí ó ti wù kí ó pẹ́ nínú yàrá yín tó. Ti ìdílé a máa wà tí a ń gbé wọ ọmọbìnrin ilé ní ọjọ́ ìgbéyàwó tí a sì ń gbà padà. Èyí tí ìyá ọkọ yín fi owó ara rẹ̀ rà yàtọ̀ pátápátá, òun ni ó sì lè fún ẹni tí ó bá wù ú. Bí ó bá fún yín, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ lójú ẹlòmíràn, kí àwọn àbúrò ọkọ má bàa bá yín fà á lọ́la. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú: iye ẹyọ, àwọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó fún yín, ọjọ́ tí ó fún yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yí ká abúlé, tí wọ́n ń béèrè ohun àtijọ́ rà: ère, ìkòkò idẹ, ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnu wọn a máa dùn. Wọn a ní ìlẹ̀kẹ̀ yín ti gbó, pé àwọn kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé kò wúlò ni, kí ni ó gbé wọn rin ìrìn bẹ́ẹ̀ wá? Ẹ má ṣe ta ohunkóhun ní ọjọ́ tí ẹni náà bá dé, kódà bí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ bá ń dùn yín.

Ọ̀pọ̀ a máa béèrè bí wọn yóò ṣe mọ iyùn gidi. Iyùn kì í ṣe òkúta. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni wọ́n ń kọ́ ọ bí ìgbín ti ń kọ́ karawun, ohun kan náà tí ó wà nínú karawun ìgbín àti èèpo ẹyin ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò tutù, yóò sì wúwo ju ike lọ. Ike a máa fúyẹ́, a sì máa tètè gba ooru ara. Bí ẹ bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo iyùn, ẹ ó rí ilà tín-ín-rín tí wọ́n tò lọ ní ìbú tàbí ní òró. Nínú gíláàsì, èéhó kéékèèké ni ẹ ó rí. Bí gbogbo ẹyọ bá dọ́gba rẹ́gí, tí àwọ̀ wọn kò fi ibì kankan yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí ó fu yín lára. N kò ní kí ẹni tí ó ra oníke tijú. Kí ó ṣáà má san owó iyùn lé e lórí.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é kí ó lè dán. Ẹ ju èèpo ẹyin kan sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ẹ sì wo bí yóò ti máa hó. Bí ọsàn náà ti ń jẹ èèpo ẹyin ni ó ń jẹ iyùn yín, dídán tí ẹ rò pé ẹ rí kò ní pẹ́ ṣá. Fínígà àti bílíìṣì kò yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fín lọ́fíńdà sára, kí ó gbẹ, kí ẹ tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá ti òde dé, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a rẹ sínú omi lásán nu òógùn kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò dé. Sẹ̀gi lè fara da omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú iyùn, nítorí gíláàsì a máa ha iyùn lára. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀rá.

Tí ó bá kan òwú tí a fi sín in, èyí ni ó ń dójú ti ènìyàn lóde jù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí ó bá ti dúdú tàbí tí ó ti ń yọ irun, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ ka iye ẹyọ, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ti wà lórí òwú àtijọ́ kí ẹ tó já a. Ẹ ṣẹ́ òwú líle po ní ìlọ́po méjì, ẹ fi àbẹ́là pa á kí ó lè yọ̀ wọ inú ihò. Lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ta kókó kékeré kan. Iṣẹ́ alẹ́ méjì ni fún okùn gígùn, ó sì ń sú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí òwú bá já lójú agbo, ẹyọ kan péré ni yóò bọ́ sílẹ̀.